Àlùfáà Prouty Kì í Jà, Èmi Ni Mo Ń Jà

Ọkọ mi, Winslow Prouty, kì í bínú. Èmi Thelma, ìyàwó rẹ̀, ni mo máa ń bínú fún àwa méjèèjì, n kò sì fi iṣẹ́ náà ṣeré rí. Bí ẹnì kan bá tutọ́ sí i lára lójú títì, yóò fi áńkáṣíìfù nù ún, yóò sì béèrè àlàáfíà ìyá onítọ̀hún. Èmi á ti máa wo bàtà onítọ̀hún àti ilé tó yà sí, kí n lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ó ṣe ni láàánú pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé bí kò bá bọ́ sọ́wọ́ mi, wọn ì bá ti jẹ ẹ́ tán kí ọdún tó yípo.

Kì í ṣe ọjọ́ ogbó ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìjà. Lásìkò ogun Hítílà, nígbà tí gbogbo ọ̀dọ́kùnrin Massachusetts ń tò lọ forúkọ sílẹ̀, ó ní ẹ̀rí ọkàn òun kò jẹ́ kí òun gbé ìbọn. Ìjọba kó òun àti àwọn bíi tirẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn wèrè. Ọdún mẹ́ta ló fi wẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń gé e jẹ. Ọdún tí mo mọ̀ ọ́n gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi Everett bá ogun lọ sójú omi Pàsífíìkì, tí kò padà. Nígbà tí mo mú Winslow wá hàn wọ́n nílé, ìyá mi ò gba fìlà lọ́wọ́ rẹ̀ bí a ti ń ṣe fún àlejò.

"Ọmọ mi wà nísàlẹ̀ òkun," ìyá mi sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lójú rẹ̀, "ìwọ wá lọ gbé ojo wá, kó wá bá mi jẹun."

"Ẹ̀wà yín ń ta sánsán, mà," Winslow dáhùn. "Tẹ́ ò bá bínú, mo lè jẹ tèmi níta."

Ó gbé àwo rẹ̀, ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì fọ àwo. Ìyá mi kò wọ ilé wa títí ó fi kú. Ọdọọdún ni Winslow ń kọ lẹ́tà Kérésìmesì sí i, kò fèsì ọ̀kan ṣoṣo. Mo sunkún nígbà tó kú, ìyá mi ni, àmọ́ n kò tíì dárí jì í.

Ọdún 1951 ni ìjọ Yunitéríàn ìlú Pelhurst pè wá. Ẹ̀sìn wa yìí, àwọn ará ìta kì í mọ ibi tí wọn yóò dì í mú. Àwọn ìjọ yòókù ní Ọlọ́run mẹ́ta nínú ọ̀kan. Tiwa jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, a sì ń jiyàn lórí ìyẹn náà. A kò ní bíṣọ́ọ̀bù. Ìdìbò la fi ń mú àlùfáà wọlé, òun náà la fi ń lé e jáde, òun náà la sì fi mọ irú kọfí tí a ó máa mu lẹ́yìn ìsìn. Bí ìwàásù bá ti parí, ẹnikẹ́ni lè dìde kó bá àlùfáà jiyàn lójú gbogbo ìjọ, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ní kó jókòó.

Ẹni tó fẹ́ràn ìdìde yẹn jù ni Carleton Bisbee, alága ìgbìmọ̀ ìjọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn ènìyàn ta ilé. Ó ga, ó mọ́ tónítóní, ẹ̀rín rẹ̀ kì í sì í dé ojú. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi bá ọkọ mi jiyàn láì jà. Èmi ni mo ti rí i láti ọjọ́ kìíní pé ọkùnrin náà kì í gbàgbé, torí pé bí èmi àti òun ṣe rí nìyẹn.

Ní ọdún 1965, ìpè wá láti Alabama pé kí àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run wá bá àwọn ènìyàn dúdú wọ́de, kí wọ́n lè máa dìbò bíi ti gbogbo ọmọ ènìyàn. Winslow di àpò kan, ó lọ. Ní ìlú kékeré kan níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hoyt Scroggins la igi ọkọ́ mọ́ ọn létí òsì. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sùn sílé ìwòsàn, etí náà kò sì gbọ́ nǹkan mọ́. Wọ́n gbé Scroggins lọ sí kọ́ọ̀tù. Ìdí àwọn tó ń dájọ́ kò tíì gbóná lórí ìjókòó tí wọ́n fi ní kó máa lọ sílé.

Winslow gbàdúrà fún un. Èmi kọ orúkọ rẹ̀ sórí bébà, mo ká a, mo sì tẹ́ ẹ sínú bàtà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ilé. Bí ó bá gbó, n ó kọ òmíràn. Ọjọ́ kan ni Winslow ń bá mi kun bàtà, ó sì fa bébà náà jáde.

"Thelma, kí lèyí ń wá nínú bàtà rẹ?"

"Ọ̀rẹ́ rẹ ni."

"O ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀?"

"Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń sinmi, torí bàtà mìíràn ni mo ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ká bébà náà, ó dá a padà síbi tó ti mú un, ó sì ń kun bàtà rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òun àti Bisbee bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967. Odessa Tillery, nọ́ọ̀sì ni, òun àti ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé ìjọ wa, wọ́n di ọmọ ìjọ, àwọn sì ni ìdílé dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ ra ilé kan tí pátákó "Ilé Títà" Bisbee wà níwájú rẹ̀. Bisbee ní wọ́n ti tà á. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, pátákó ṣì wà níbẹ̀. Winslow kọ ọ̀rọ̀ sórí páálí, ó gbé e kọ́ ọrùn, ó sì ń lọ dúró síwájú ọ́fíìsì Bisbee ní gbogbo Sátidé, nínú òjò, nínú yìnyín. Bisbee á jáde, á ní, "Ẹ káàárọ̀, Àlùfáà." Winslow á dá a lóhùn. Èmi náà máa ń dúró níbẹ̀, àdúrà mi kò sì ju pé kí yìnyín yọ ọ́ ṣubú lọ. Níkẹyìn, ọ̀rọ̀ náà sú ẹni tó ni ilé, ó tà á fún ìdílé Tillery láì gba ọ̀dọ̀ Bisbee. Mo mọ̀ pé Bisbee ń kọ orúkọ tiwa náà sínú bàtà tirẹ̀.

Ìyàlẹ́nu ló wá jẹ́ nígbà tó kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Mo ń bó ànàmọ́. Kò bọ́ kóòtù rẹ̀.

"Àlùfáà, ọ̀rọ̀ Royce ni," ó ní. Royce ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, ọmọ ogún ọdún.

"Kí ló ṣe é?" Winslow béèrè.

"Ìwé ogun ti dé fún un. Ó ní òun ò lọ sí Vietnam, òun á kúkú ṣẹ̀wọ̀n. Ìyá ẹ̀ ò sùn mọ́." Ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń kó wọn, wọ́n máa ń gbọ́ tiyín."

Mo dáwọ́ ànàmọ́ dúró. Mo ń retí kí ọkọ mi sọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó ní, "Ẹ jókòó, Carleton. Thelma, jọ̀ọ́, bá mi fún wọn ní kọfí."

Mo fún un. Èyí tó ti wà lórí iná láti ìdájí ni mo bù.

"Kó má kọjá yàrá ìdáná yìí o," Bisbee ní.

"Kò ní kọjá," ni ìdáhùn Winslow.

Royce wá lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń kí mi kó tó nu bàtà. Òun àti Winslow á jókòó, wọ́n á sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì. Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi kọ lẹ́tà rẹ̀, ó sì gbé e fún mi kí n tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ìjọ kì í rántí nìyẹn: gbogbo àṣírí tí wọ́n ń kó fún àlùfáà, ìyàwó rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ, pẹ̀lú bébà kábọ́ọ̀nù lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀dà kan á sì wọ inú fáìlì. Ìgbìmọ̀ gba ọ̀rọ̀ Royce. Wọ́n ní dípò ogun kó lọ fi ọdún méjì gbé aláìsàn nílé ìwòsàn kan ní Boston. Bisbee wá ń sọ káàkiri Pelhurst pé ọmọ òun ń kàwé ní California. Ó tilẹ̀ ń ṣàlàyé bí oòrùn ibẹ̀ ṣe rí.

Oṣù méjì péré ló dákẹ́. Ní oṣù Kẹrin, Winslow wàásù nípa àwọn ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ lọ sógun. Bó ṣe parí ni Bisbee dìde.

"Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí," ó ní. "Ọkùnrin yìí sá fún ogun tirẹ̀, ó wá ń sọ àwọn ọmọ wa di ojo. Mo fẹ́ kí ìjọ dìbò, ká mọ̀ bóyá a ṣì ń fẹ́ ẹ."

Winslow yí etí ọ̀tún rẹ̀ sí i kó lè gbọ́ dáadáa. Ó ní, "Mo ti gbọ́ yín, Carleton." Èmi jókòó sórí àga iwájú, mo ń wo bàtà Bisbee.

Wọ́n fi ìdìbò sí ìpàdé ọdọọdún, ní oṣù Kẹfà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà ńlẹ̀. Bí wọ́n bá lé Winslow, ilé tí a ń gbé ti bọ́, ìjọ ló ni ín. Ó ti pé àádọ́ta ọdún, etí kan, pẹ̀lú orúkọ oníwàhálà. Ìjọ wo ni yóò pè é? Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mọ́kànlá ló ń bọ̀ wá gba ìmọ̀ràn lórí ìwé ogun lọ́dọ̀ rẹ̀ lásìkò yẹn, wọn kò ní ibòmíràn. A ti ka orí àwọn tó wà lẹ́yìn wa. Bisbee fi nǹkan bí mẹ́wàá jù wá lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, Winslow gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Thelma, mo mọ̀ ẹ́. Má fọwọ́ kan fáìlì yẹn."

"Ó pè ẹ́ ní ojo lójú gbogbo ayé."

"Ó ti pè mí. Ohun tó bá gba ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, ilé yìí ló ń gbé. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Gbígbọ́ kì í ṣe gbígbà. Nígbà tó lọ fá irùngbọ̀n rẹ̀, mo ṣí fáìlì, mo mú ẹ̀dà lẹ́tà náà, mo sì tì í bọ àpamọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ náà bọ́ sí Ọjọ́ Àìkú Òdòdó, nígbà tí oníkálukú wa ń mú òdòdó kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí a ó dà wọ́n pọ̀, tí a ó sì mú ti ẹlòmíràn lọ sílé láti fi hàn pé ọ̀kan ni wá. Mo mú ẹlẹ́gùn-ún kan wá, èyí tó hù lẹ́bàá ojú irin. Mo fẹ́ kí Bisbee bá a pàdé. Odessa Tillery ló mú un. Ó wò ó, ó sì wò mí.

"Ìyàwó Àlùfáà," ó ní lábẹ́lẹ̀, "orí ẹ ò pé rárá."

"Gbé e sílẹ̀, kí ẹlòmíì mú un."

"Ó ti di tèmi. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má ṣe nǹkan tó ò ń rò yẹn, ohun yòówù kó jẹ́."

Ìpàdé bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Bisbee sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ojo, ó ní. Ó pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹfà, mo kà á. Odessa dìde, ó ní bí ẹni tó fi etí rẹ̀ sílẹ̀ ní Alabama nítorí ẹlòmíràn bá jẹ́ ojo, kí Ọlọ́run jọ̀ọ́ fi irú ojo bẹ́ẹ̀ kún àdúgbò òun. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i pé kò tíì yí ọkàn ẹnikẹ́ni padà. Wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pín bébà ìdìbò nígbà tí mo dìde.

"Mo ní ohun tí mo fẹ́ kà," mo ní.

Winslow wò mí. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Thelma." Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo ṣe bí ẹni pé èmi ni etí mi di.

Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Royce Bisbee sọ fún mi pé òun kò lè pa ọmọ abiyamọ kan tí òun kò mọ̀. Mo bi í bóyá ẹ̀rù ń bà á. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Carleton Bisbee, ló wá bẹ̀ mí fúnra rẹ̀ kí n kọ ìwé yìí, ó sì mọ̀ dájú pé ọmọ òun kì í ṣe ojo."

Mo tún gbólóhùn tó gbẹ̀yìn kà. Kò pọn dandan, mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bisbee jókòó láì wo ẹ̀yìn bóyá àga wà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bojú, ó jáde. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ, ẹ̀san dùn. Ó dùn mọ́ mi dé egungun. Mo gbẹ̀san ohun tí ìyá mi ṣe, mo gbẹ̀san ti Scroggins, gbogbo àwọn tí ọwọ́ mi kò tó rí, ara Bisbee ni mo ti gbà á.

Wọ́n dìbò. Ọgbọ̀n ní kó lọ, mọ́kàndínlọ́gọ́rin ní kó dúró. Ariwo sọ. Àwọn ènìyàn ń gbá mi mọ́ra. Àárín ìyẹn ni Winslow gòkè lọ síwájú, gbogbo ilé sì jókòó, wọ́n rò pé ó fẹ́ dúpẹ́.

"Carleton," ó ní, "mo ṣèlérí fún yín pé kò ní kọjá yàrá ìdáná mi. Ó ti kọjá. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, àti lọ́wọ́ Royce." Ó yíjú sí ìjọ. "Àlùfáà tí àṣírí ò lè gbé ilé rẹ̀, kò yẹ kẹ́ ẹ tún máa kó àṣírí fún un. Ẹ ṣeun fún ìbò yín. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò gbà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Winslow kò fi ọ̀rọ̀ náà bú mi rí. Ìbá dára bó bá bú mi. Ó máa ń sọ pé kí n bá òun wá ìbọ̀sẹ̀, kí n má gbé ẹrù wúwo. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mọ́kànlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíràn tí wọn yóò bá sọ̀rọ̀, méjì nínú wọn sì jọ̀wọ́ ara wọn, wọ́n wọṣẹ́ ológun. Odessa wá bá mi di àwo.

"Ìyàwó Àlùfáà," ó ní, "ta lo jà fún lọ́jọ́ yẹn?"

"Ọkọ mi ni."

"Òun ni mo rí tó ń kó ẹrù yìí."

Mo bínú sí i fún ọjọ́ mẹ́ta, torí kò sí irọ́ nínú ohun tó sọ.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ ẹrù dé, Royce yọ lójú títì, ó wọ aṣọ funfun ilé ìwòsàn. Winslow kò sí nílé. Mo ti múra dè é. Mo ní bí ó bá bú mi, n ó rán an létí ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́. Kò bú mi. Ó tẹ̀, ó gbá ẹ̀gbẹ́ kan àpótí ìwé tí mo ń wọ́ mú.

"Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn lọ́jọ́ ìpàdé, Ìyáàfin Prouty," ó ní. "Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀."

"Kí ló gbé ẹ wá?"

"Mo fẹ́ wá sọ ọ́ fúnra mi ni. Àtìgbà tí mo ti gbọ́ pé bàbá mi ń pe Àlùfáà ní ojo ni mo ti ń múra ẹ̀. Mo gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀. Mo fẹ́ dìde lójú wọn, kí n sọ pé èmi rè é, ibi tí mo wà rè é. Ẹ ti ń kà á nígbà tí mo débẹ̀."

Mo ní, "Royce, mi ò mọ̀."

"Ẹ ò bi mí ni. Bàbá mi gbé mi pamọ́, ẹ̀yin gbé mi síta. Kò sẹ́ni tó bi mí nínú ẹ̀yin méjèèjì."

Kò gbóhùn sókè. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ láyé mi, kò sì sí ẹni tí mo lè gbẹ̀san rẹ̀ lára rẹ̀. A gbé àpótí náà sínú ọkọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí.

"Kò tíì yá, mà," ó ní, ó sì lọ gbé òmíràn.